Ìyálẹ̀ta ní Sonnenallee

 

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ló bi mí ní ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Ó ní, "Tíṣà, kí ni wọ́n ń pe Brunch ní Yorùbá?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kò sí i, pé àwọn ará Nàìjíríà kì í jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe.

Yorùbá pín ojúmọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìdájí wà, òwúrọ̀ wà, ọ̀sán gangan wà, ìrọ̀lẹ́ wà, àṣálẹ́ wà. Láàárín òwúrọ̀ àti ọ̀sán, nígbà tí ìrì ti gbẹ lórí koríko ṣùgbọ́n tí oòrùn kò tíì dé àtàrí, ìyálẹ̀ta ni à ń pe àkókò yẹn. Àwọn Mùsùlùmí inú wa mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ìrun ìyálẹ̀ta. Àwọn àgbẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti ilé jáde nígbà tí àkùkọ kọ, tó ti kọ ebè títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, ìyálẹ̀ta ló máa ń jókòó sábẹ́ igi, tí yóò yọ iṣu kúrò nínú iná, tí yóò ha èèpo rẹ̀ dànù, tí yóò sì fi epo pupa jẹ ẹ́. Oúnjẹ àárọ̀ kọ́ nìyẹn, oúnjẹ ọ̀sán kọ́ sì ni. Oúnjẹ ìyálẹ̀ta ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, ọdún 1895 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Guy Beringer kọ nípa brunch sínú ìwé ìròyìn Hunter's Weekly. Ó so breakfast àti lunch pọ̀, ó sì ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Sọ́ńdè, kí ẹni tó ṣe fàájì mọ́jú lè sùn dáadáa kó tó wá jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ọmọ wa, orí àwọn tó sùn pẹ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ dàgbà ní Nàìjíríà, ẹ rántí ìmọ́tótó àyíká? Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn ní títì láti aago méje sí aago mẹ́wàá. Ìjọba ológun ọdún 1984 àti 1985 ló gbé e dé pẹ̀lú ogun tí wọ́n ní àwọn ń gbé ti ìwà àìbìkítà, Ìpínlẹ̀ Èkó kò sì fagi lé e títí di 2016. A ó gbálẹ̀, a ó ro koríko, a ó kó ìdọ̀tí inú gọ́tà síta, ebi á sì ti máa pa wá kú lọ. Bí aago mẹ́wàá bá ṣe lù báyìí, òórùn àkàrà á ti gba àdúgbò kan. Ògì gbígbóná, àkàrà, búrẹ́dì, ẹja díńdín, gbogbo ilé á jókòó jẹun pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé a kì í jẹ brunch, ẹ sọ èyí fún un.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí Neukölln wa níbí.

Àdúgbò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbádùn ara rẹ̀. Rixdorf ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ilé ijó àti ilé ọtí pọ̀ níbẹ̀ débi pé orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn aláṣẹ ìlú lójú, ni wọ́n bá yí i padà sí Neukölln ní oṣù Kìíní ọdún 1912. Ọdún 1920 ni wọ́n tó wá fi kún Berlin. Wọ́n pa orúkọ dà, wọn kò rí fàájì lé lọ. Àlejò náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Láti 1737 ni Ọba Friedrich Wilhelm Kìíní ti fún àwọn ará Bohemia tó sá kúrò nílé nítorí ẹ̀sìn wọn ní ilẹ̀ síbẹ̀, àwọn ilé wọn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ Richardplatz di òní. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹwàá, 1961, tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Jámánì àti ti Tọ́kì fọwọ́ sí ìwé pé kí àwọn òṣìṣẹ́ Tọ́kì máa wá. Àwọn ará Lẹ́bánónì àti Palẹstínì tẹ̀ lé wọn nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Lẹ́bánónì ní 1975. Àwọn ará Síríà dé ní nǹkan bí 2015. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Hermannplatz tí ẹ gba Sonnenallee lọ ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, imú yín ló máa mú yín lọ.

Sọ́ńdè sì ni mo sọ. Ṣọ́ọ̀bù tì ní Jámánì lọ́jọ́ náà, a kò lè lọ ra bàtà, a kò lè lọ ra pátákó. Òfin ni. Inú ìwé òfin ilẹ̀ Jámánì ti ọdún 1919 ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí wọ́n sì ṣe tuntun ní 1949, wọ́n gbé e wọ inú rẹ̀ bó ṣe rí. Ilé oúnjẹ nìkan ló ṣí. Ibo ni ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn lọ?

Orúkọ tí àwọn Tọ́kì ń pe oúnjẹ àárọ̀ ni kahvaltı. Kahve ni kọfí, altı ni abẹ́. Ohun tí a fi sínú kí kọfí tó wọlé nìyẹn. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé tíì ni wọ́n ń mu sí i, nínú ife gíláàsì kékeré tí kò ní ọwọ́, tí ìdí rẹ̀ ń jó èèyàn níka. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ni serpme kahvaltı, ìtumọ̀ rẹ̀ ni oúnjẹ tí a fọ́n ká. Ẹ gbà mí gbọ́, wọ́n ń fọ́n ọn ká. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kò ní tà á fún ẹnì kan ṣoṣo. Ó kéré tán, ẹni méjì. Bí ẹ kò bá ní ọ̀rẹ́, ẹ lọ ra simit kan kí ẹ máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà.

Èmi ní ọ̀rẹ́. Hamburg ló ń gbé, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe jù. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ̀ ojú irin tó yá kò lò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ láti Hamburg dé ọ̀dọ̀ wa, síbẹ̀ ó ti tó ọdún méjì tí a ti jókòó ti ara wa kẹ́yìn. Orí fóònù la máa ń wà. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí: bí òun bá wà nílé, èmi wà níbi iṣẹ́; bí èmi bá wà nílé, òun ń sùn. Nígbà tó wá dé báyìí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ní a kò ní jẹun nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ní kó múra, kó wọ aṣọ tó dáa.

Wọ́n kó oúnjẹ náà dé, tábìlì kún. Wàràkàṣì funfun wà, èyí tó pupa rúsúrúsú wà, èyí tí wọ́n fà bí òwú wà. Èso ólífì dúdú àti tútù, tòmátì, kùkúmbà, ata tí wọ́n lọ̀ mọ́ àsálà, oyin nínú àwo kékeré pẹ̀lú kaymak, ìyẹn ọ̀rá wàrà tó nípọn bí òrí. Ẹyin tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ tòmátì àti ata nínú páànù, ó ṣì ń hó nígbà tó délẹ̀. Menemen ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi tọ́ ọ wò, ó ní, "Ọbẹ̀ ẹyin ilé wa nìyí o, iyọ̀ ló dín kù." Sọ́séèjì màlúù wà, búrẹ́dì oríṣiríṣi wà, simit náà wà, tó rí roboto bí òṣùká tí wọ́n fi ń ru ẹrù, tí wọ́n sì fi hóró wẹ́wẹ́ bò lára. Àwo tó wà nílẹ̀ lé ní ogún. Mo kà á.

Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé àwọn náà ní tiwọn ní Hamburg. Bí òun bá kúrò níbi iṣẹ́ alẹ́ ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun máa ń gba ọjà ẹja Altona kọjá lẹ́bàá omi. Láti 1703 ni wọ́n ti ń ná ọjà yẹn ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló sì ń tú, nítorí pé nígbà láéláé àwọn apẹja gbọ́dọ̀ tà tán kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Inú ilé ńlá tí wọ́n ti ń lu ẹja ní gbàǹjo tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀ báyìí, orin sì ń lọ. Ó ní ibẹ̀ ni ẹni tí kò tíì sùn àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ti ń pàdé, tí wọ́n ń wo ara wọn tìyanu-tìyanu. Ó ní òun kì í jókòó níbẹ̀ ṣá, orí ìdúró lòun ti ń jẹ ẹja òun. Ó ti pẹ́ tóun ti jókòó jẹun.

Àwọn bàbá wa kò ní fara mọ́ ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà, nítorí wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń jẹun kì í sọ̀rọ̀. Wákàtí mẹ́ta la fi sọ̀rọ̀. A sọ ti tíṣà ìṣirò wa àtijọ́, a sọ ti ẹni tó kú, a sọ ti ẹni tó fẹ́ ìyàwó kejì. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ọ̀rẹ́ mi. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti fọwọ́ kàn án, tó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Mama, leise."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀: kò rẹ ohùn sílẹ̀ nìkan, ó yí padà sí èdè Jámánì. Ó ń bá èmi tí a jọ dàgbà ní Ìjẹ̀bú sọ Jámánì. Mo mọ̀ pé inú yín kò ní ṣe bí ẹni tó ya yín lẹ́nu, nítorí mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ nínú yín nínú U-Bahn. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá ṣí, tí àwọn èèyàn wọlé, Yorùbá á bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà dìde lọ wo ẹja inú gíláàsì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọ̀rẹ́ mi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọmọ náà á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ìyá á dáhùn, wọ́n á kì í, wọ́n á bi í bó ṣe sùn, bí ilé ìwé ṣe ń lọ. Ọmọ á dákẹ́. Àwọn méjèèjì á wá máa gbọ́ èémí ara wọn títí ọ̀rẹ́ mi yóò fi gba fóònù. Lóṣù tó kọjá, ìyá ní kí wọ́n má gbé fóònù fún ọmọ náà mọ́. Wọ́n ní kò bínú sí i o, ó kàn ń rẹ àwọn ni, pé bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀ ló rí. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Èmi ni afárá tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ti ń rẹ èmi náà."

N kò ní ìmọ̀ràn kankan láti fún un. Mo bu oyin sí búrẹ́dì rẹ̀.

Ìdílé Tọ́kì kan wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wa, ìyá àgbà tó wé gèlè wà láàárín wọn. Ọmọbìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ mi fara ti ìyá àgbà yìí, ó ń bá wọn sọ Tọ́kì, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ Jámánì, ó ké sí agbáwo, ó tún sọ Tọ́kì. Kò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó wò ó. Lápá kejì, èdè Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ, wọ́n tilẹ̀ ń pariwo ju tiwa lọ. N kò tọ́ka sí wọn, n kò sì sọ nǹkan kan fún ọmọ náà nígbà tó padà wá jókòó. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń wò wọ́n.

Nígbà tó yá, ó na ìka sí oyin, ó ní, "Was heißt das auf Yoruba?" Mo ní oyin. Ó na ìka sí páànù. Mo ní ẹyin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nǹkan kan náà ni mo sọ. Ìyá rẹ̀ ní rárá, gbọ́ ọ dáadáa: oyin, ẹyin. Mo wá fi kún un: eyín wà lẹ́nu rẹ, ẹ̀yìn rẹ wà lára àga, ẹ̀yin méjèèjì sì ti jẹ ẹyin mi tán. Ọmọ náà gbé ìwé ìnuwọ́, ó ní kí a kọ wọ́n sílẹ̀ fún òun pẹ̀lú àmì orí wọn. Ó ní òun fẹ́ dán ọmọ kíláàsì òun kan wò. Lẹ́yìn náà ló yọ hóró kan lára simit, ó bi ìyá rẹ̀ kí ni wọ́n ń pe èyí. Ìyá rẹ̀ wò mí. Yànmọ̀tí ni. Ọ̀rẹ́ mi ní òun kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé òun, ó sì jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé.

Ọmọ náà ní kí a pe Màmá Àgbà. A pè wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà, wọn kò gbé e. Ó bá fi ohùn ránṣẹ́, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá: "Màmá Àgbà, mo jẹ oyin. Mo jẹ ẹyin. Mo jẹ yànmọ̀tí." Ó dúró díẹ̀, ó wá ní, "Ó dàbọ̀." Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bóyá nítorí pé kò rántí.

Ìdáhùn dé ní alẹ́, nígbà tí wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Hamburg. Ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ sí mi. Ìyá bi í, "Ẹyin adìẹ ni àbí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ?" Wọ́n tún ní kí ó pe àwọn padà kó wá sọ ọ́. Ọmọ náà ti ń bi gbogbo ẹni tó wà nítòsí kí ni pẹ́pẹ́yẹ.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa owó, nítorí pé owó ló máa ń ba irú ìjókòó báyìí jẹ́. Agbáwo á dé, á ní, "Zusammen oder getrennt?" Ṣé ẹnì kan ló ń san gbogbo rẹ̀ ni, àbí kálukú á san tirẹ̀? Ọ̀pọ̀ wa ni ìbéèrè yẹn ń bí nínú. Lójú tiwa, ẹni tó pe èèyàn ló ń sanwó, ẹni tí wọ́n pè á san nígbà mìíràn. Ọ̀rẹ́ mi àti èmi jà lórí ìwé owó náà bí ó ti yẹ kí ọmọ Yorùbá jà. Ó ní mo ti gbà á lálejò, mo ní òun ló wọ ọkọ̀ wá. Èmi ni mo borí, nítorí pé mo ti lọ fi káàdì mi sílẹ̀ nígbà tó lọ fọwọ́.

Síbẹ̀, n kò rò pé getrennt jẹ́ ìwà ahun. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Àwọn kan wà láàárín wa, akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, tí wọn kì í wá mọ́ bí a bá pè wọ́n, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá jẹ lónìí, ó ti di dandan kí àwọn náà pe ẹlòmíràn lọ́la. Bí kálukú bá san tirẹ̀, irú wọn lè bèèrè tíì àti simit kan, kí wọ́n jókòó ti wa fún wákàtí mẹ́ta, kí ojú má sì tì wọ́n. Èmi fẹ́ bẹ́ẹ̀ ju pé kí àga wọn ṣófo.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ: ẹ pè wọ́n ṣáájú ní Sọ́ńdè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó dúró síta nínú òtútù. Omi lásán kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ Jámánì. Bí ẹ bá fẹ́ fún agbáwo ní nǹkan, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ san lápapọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ má kàn dá owó ẹyọ sórí tábìlì bí ẹni gbàgbé rẹ̀. Oúnjẹ á ṣẹ́kù, ó dájú. Ẹ gbé ike dání. Agbáwo tiwa tilẹ̀ fi búrẹ́dì kún un fún wa.

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì kékeré, iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí: ẹ ya tábìlì oúnjẹ kan, kí ẹ kọ orúkọ nǹkan méje tó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Kíláàsì àgbà, ẹ pe ẹnì kan nílé, ìyá àgbà, bàbá àgbà tàbí àǹtí yín, kí ẹ bi wọ́n ní Yorùbá ohun tí wọ́n máa ń jẹ ní ìyálẹ̀ta nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àti ẹni tó máa ń sè é. Ẹ kọ ìdáhùn wọn bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá bi yín ní nǹkan tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ ìyẹn náà wá ní Sátidé.